Ẹ̀gbẹ́ kejì adágún ni kẹ́ ẹ gbà: àwọn ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tí mo ti gùn ní Lake District

Ẹ̀yin ará tó wà ní Manchester, Leeds, Liverpool àti agbègbè yẹn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ra kẹ̀kẹ́ tó wá fẹ̀yìn ti ògiri nínú páálọ̀ látìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín o. Ìgbà kẹrin rèé tí mo ti gbé kẹ̀kẹ́ lọ sí Lake District, agbègbè adágún àti òkè tó wà ní Cumbria, mo sì ti rí i pé àwọn tó lọ tí wọ́n bọ̀ tí wọ́n ń sọ pé mọ́tò ti pọ̀ jù níbẹ̀, pé àwọn ò lọ mọ́, ẹ̀gbẹ́ tí ò yẹ ni wọ́n gbà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn adágún yẹn ló ní ẹ̀gbẹ́ méjì: ọ̀nà ńlá wà lápá kan tí mọ́tò àti bọ́ọ̀sì àwọn tó wá gbafẹ́ ń sáré lórí ẹ̀, ọ̀nà tóóró kan wá wà lápá kejì tó jẹ́ pé àgùntàn lẹ máa pàdé jù. Apá kejì yẹn ni kẹ́ ẹ wá lọ.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti adágún Coniston, torí ibẹ̀ ni ọkàn mi wà. Ọ̀nà A593 àti A5084 ló wà lápá ìwọ̀ oòrùn adágún yẹn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún onímọ́tò. Apá ìlà oòrùn ni tiwa, ọ̀nà kan tí ò tiẹ̀ ní nọ́ńbà, abẹ́ igi ló ń gbà lọ, ògiri òkúta tí wọn ò fi sìmẹ́ńtì tò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ewéko tútù ti bò ó, omi wá ń yọ lójú láàárín igi, ó ń wọlé, ó ń yọ, ó ń wọlé. Adágún ọ̀hún gùn tó kìlómítà 8. Téèyàn bá wo òdìkejì omi, òkè tí wọ́n ń pè ní Old Man of Coniston ló dúró yẹn, 803 mítà. Ní àárọ̀ ọjọ́ Tuesday kan tí mo gbà á, láti Brantwood (ilé tí òǹkọ̀wé John Ruskin gbé láti 1872 títí tó fi kú ní 1900) dé High Nibthwaite, mọ́tò mẹ́ta péré ló kọjá lára mi, mo kà á. Omi yẹn pa lọ́lọ́ bíi dígí. Orí omi yẹn náà ni Donald Campbell ti kú ní January 4, 1967, níbi tó ti fẹ́ fi ọkọ̀ ojú omi Bluebird ẹ̀ sáré ju gbogbo ayé lọ, tẹ́ ẹ bá dúró létí ibẹ̀ tó dákẹ́ rọ́rọ́, ó máa ń ṣòro láti gbà pé irú ariwo bẹ́ẹ̀ wáyé níbẹ̀ rí.

Bẹ́ẹ ṣe máa débẹ̀: ẹ wọ reluwé dé Oxenholme, ẹ pààrọ̀ sí èyí tó ń lọ Windermere. Ààyè kẹ̀kẹ́ nínú reluwé kéré o, àárọ̀ kùtù ló dáa. Láti ibùdókọ̀ Windermere gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni dé Bowness, ẹ lọ wọ fẹ́rì tí wáyà ńlá ń darí sọdá Windermere, adágún tó gùn jù ní England. Ní wíkẹ́ńdì mọ́tò máa ń tò gbọọrọ níbẹ̀, kẹ̀kẹ́ ò ní irú wàhálà yẹn, àmọ́ tí ìjì bá ń jà wọn kì í gbé e, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Bẹ́ẹ ṣe sọ̀kalẹ̀ lẹ máa rí òkè lójú kan náà, títí dé Far Sawrey, ẹ tètè ti jíà sí èyí tó fúyẹ́ jù. Near Sawrey ló tẹ̀ lé e, ibi tí Beatrix Potter tó ń kọ ìwé ọmọdé ra oko Hill Top sí ní 1905, èrò máa ń pọ̀ níbẹ̀, èmi kì í dúró. Tẹ́ ẹ bá ti kọjá ẹ̀ díẹ̀ ẹ yà sọ́wọ́ òsì, ẹ gba ẹ̀yìn Esthwaite Water dé Hawkshead, ẹ mu tíì, ẹ gun Hawkshead Hill, ẹ wá rọ̀ sí ìkángun àríwá adágún Coniston, ẹ gba apá ìlà oòrùn yẹn dé High Nibthwaite. Ẹ padà gba Oxen Park àti Satterthwaite nínú igbó Grizedale. Gbogbo ẹ̀ ò ju bíi kìlómítà 50 lọ, àmọ́ kìlómítà ibẹ̀ kì í ṣe kìlómítà títẹ́jú, ẹ ya odindi ọjọ́ kan sọ́tọ̀. Máàkì tí mo fún un, 9 nínú 10. Ẹyọ kan tó kù, torí ojú ọ̀nà ni: ewé tútù àti òkúta wẹ́wẹ́ wà lábẹ́ igi, kòtò náà ò gbẹ́yìn.

Mo dàgbà sórí kẹ̀kẹ́ ni o. Ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, Raleigh bàbá mi ni mo fi kọ́ ọ, irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní Nottingham, mo máa ń ki ẹsẹ̀ bọ abẹ́ páìpù ẹ̀ torí ìjókòó ga ju tèmi lọ. Ẹni tó bá dàgbà sábẹ́ Olósùnta, òkè nìkan ò lè yà á lẹ́nu. Òkè àti omi lójú kan náà, pẹ̀lú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ yẹn, ìyẹn ni mi ò rí irú ẹ̀ rí.

Thirlmere wá ńkọ́? Ìlànà kan náà ni. A591 wà lápá ìlà oòrùn, ariwo ni, ẹ gba apá ìwọ̀ oòrùn. Ará Manchester gbọ́dọ̀ débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán, torí omi tó ń dé ẹ̀rọ ilé wa, ara ẹ̀ ló wà. Wọ́n sé omi ibẹ̀, abúlé Armboth àti Wythburn rì sábẹ́ ẹ̀, nígbà tó di 1894 omi náà dé Manchester, ìrìn tó ju kìlómítà 150 lọ, láìsí ẹ̀rọ kankan tó ń tì í, ó kàn ń dagẹ̀rẹ́ bọ̀ ni. Mo dúró níbẹ̀ mo wo omi tí mo fi ń tẹ ẹ̀bà nílé, mo ronú kan àwọn tó fi abúlé wọn sílẹ̀, ó pẹ́ kí n tó gun kẹ̀kẹ́ padà. Ìkìlọ̀ kan ṣá: wọ́n máa ń ti ọ̀nà apá yẹn nígbà míì torí òkúta àti igi tó ń wó, ẹ wádìí kẹ́ ẹ tó lọ. Màá fún un ní 7.

Èyí tó le díẹ̀ ni ti Keswick. Ẹ gba Braithwaite gun Whinlatter, 318 mítà, igbó ló bo gbogbo ẹ̀ torí náà oòrùn ò ní pa yín, ẹ rọ̀ sí Lorton, ẹ gba ẹ̀bá adágún Loweswater, Crummock Water àti Buttermere, ẹ wá gba Newlands padà. Loweswater ni mo fẹ́ràn jù nínú wọn, èrò ò mọ̀ ọ́n, omi ẹ̀ gan-an ń ṣe nǹkan tí àwọn tó kù kì í ṣe, inú àárín òkè ló ń ṣàn lọ dípò kó ṣàn síta. Newlands ga tó 333 mítà, ó sì ń dúró ṣánṣán láwọn ibì kan, mo sọ̀ mo tì í níbẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, kò sí ohun tó burú nínú ẹ̀, omi kan ń já bọ́ láti orí àpáta lókè ibẹ̀ tẹ́ ẹ lè wò bẹ́ẹ bá ń mí.

Ọ̀nà yìí ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bá mi lọ, ẹni ọdún 58, a háyà kẹ̀kẹ́ oníbátìrì fún wọn ní ṣọ́ọ̀bù kan lágbègbè yẹn. Mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù náà. Kẹ̀kẹ́ náà mọ́ tónítóní, owó ẹ̀ ò burú, àmọ́ a ò tíì rìn jìnnà tí ẹ̀gbọ́n mi fi ní bíréèkì ẹ̀yìn ò mú dáadáa, mo bẹ̀rẹ̀ mo wò ó, páàdì ẹ̀ ti jẹ tán pátápátá! Ẹ rò ó wò, tó bá jẹ́ pé orí Newlands la ti mọ̀ ńkọ́? A dá a padà, wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ lójú wa láìgbowó, ìyẹn dáa, ṣùgbọ́n inú bí mi gan-an, torí ibi tí òkè pọ̀ tó báyìí, bíréèkì ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò kó tó kan àtinu kẹ̀kẹ́. Ẹ̀yin náà, ẹ fọwọ́ tẹ méjèèjì wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Lẹ́yìn ìyẹn ṣá ẹ̀gbọ́n mi gun Whinlatter wọ́ọ́rọ́wọ́, wọ́n ń kọrin lọ níwájú mi.

Fún àwọn tó ní ọmọdé, ojú irin àtijọ́ láti Keswick sí Threlkeld ni, bíi kìlómítà 5, mọ́tò ò gbabẹ̀ rárá, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú. Omíyalé December 2015 gbé àwọn afárá ẹ̀ lọ, December 2020 ni wọ́n tó ṣí i padà, ihò ńlá kan wà tẹ́ ẹ máa gbà kọjá lábẹ́ ilẹ̀, àwọn ọmọ á fẹ́ràn ẹ̀.

Hardknott àti Wrynose, ọ̀nà méjì tó gba orí òkè kọjá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi sílẹ̀ ná. Níbi tí Hardknott ti le jù, mítà mẹ́ta síwájú, mítà kan sókè ni, mọ́tò tún máa ń há síbẹ̀ nígbà ooru, kì í ṣe ibi ìdákẹ́jẹ́.

Nǹkan méjì míì. Òjò: Seathwaite tó wà lẹ́yìn adágún Derwentwater níbẹ̀ ni òjò ti ń pọ̀ jù nínú gbogbo ibi téèyàn ń gbé ní England, ó ju 3,000 mílímítà lọ lọ́dún, rénkóòtù pọn dandan. Àgùntàn: Herdwick ni wọ́n ń pè wọ́n, dúdú ni wọ́n ń bí wọn, bí wọ́n ṣe ń dàgbà ni wọ́n ń di aláwọ̀ eérú, wọ́n máa ń sùn sójú títì gan-an, ẹ má fi bẹ́ẹ̀lì dẹ́rù bà wọ́n, ẹ rọra kọjá.

Ní May a tún ń lọ, Ennerdale ló kàn. Òun nìkan ni adágún ńlá ibẹ̀ tí ọ̀nà mọ́tò kankan ò gba etí ẹ̀ kọjá, a ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa mú ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti ra kẹ̀kẹ́ tiwọn báyìí, àná ni wọ́n pè mí pé báwo ni wọ́n ṣe ń tọ́jú ṣéènì.