BBC Yorùbá: ta ló ń gbọ́ bùkátà rẹ̀, ṣé ó ṣeé gbára lé?

Láti oṣù Kejì ọdún 2018 tí BBC ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìròyìn ní èdè Yorùbá ni ọ̀pọ̀ wa ní Òṣogbo ti ń kà á lórí fóònù, láìná ju owó dátà lọ. Mo kọ àyẹ̀wò yìí fún ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣeé gbára lé, pàápàá tí ọ̀rọ̀ bá kan òṣèlú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí iléeṣẹ́ náà ti wá.

Níbi ìpàtẹ ìwé ìròyìn ní oríta Ọláìyá, àwọn tó máa ń dúró ka àkọlé ojú ìwé àkọ́kọ́ láìrà á kì í pẹ́ rán ara wọn létí pé ẹnu tó bá jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Ìbéèrè gidi nìyẹn, nítorí ní ọdún 2015 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣèlérí mílíọ̀nù 289 pọ́n-ùn fún BBC World Service, ẹ̀ka BBC tó ń gbé ìròyìn fún ilẹ̀ òkèèrè, láti fi mú iṣẹ́ rẹ̀ gbòòrò, ara ètò yẹn sì ni ẹ̀ka Yorùbá ti jáde. Àwọn aráàlú tó ń wo tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀ ló ń san owó ìwé àṣẹ ọdọọdún tó ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ BBC, ṣùgbọ́n ìjọba ló ń pinnu iye rẹ̀, òun náà ló sì ń dábàá ẹni tí yóò jẹ́ alága.

Ọ̀rọ̀ Richard Sharp ló mú kí n fọkàn tán an. Ó ti fi owó ran ẹgbẹ́ òṣèlú Conservative lọ́wọ́ kí ìjọba Boris Johnson tó fi í jẹ alága ní ọdún 2021. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023 ni ìwé ìròyìn Sunday Times tú u síta pé, nígbà tó ń wá ipò náà, ó lọ́wọ́ nínú bí Johnson ṣe rí onídùúró fún ẹ̀yáwó tó lè tó 800,000 pọ́n-ùn. Àwọn oníròyìn BBC kò bo alága wọn láṣìírí. Wọ́n ń gbé e jáde bí wọ́n ṣe ń gbé ìròyìn mìíràn, títí ó fi kéde ìfipòsílẹ̀ ní oṣù Kẹrin. Àwa tí a mọ rédíò ìjọba dáadáa mọ ohun tí irú èyí ń gbà.

Ti àwọn ìwé ìròyìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀. Òfin kò ní kí wọ́n má gbè sẹ́yìn ẹnì kan, nítorí náà ni The Sun ṣe ti Conservative lẹ́yìn ní ọdún 1992, tó sì yí sẹ́yìn Tony Blair ti ẹgbẹ́ alátakò Labour ní ọdún 1997. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí BBC Yorùbá máa fi gbólóhùn kan sọ ibi tí ìwé ìròyìn kan ń gbè sí nígbàkigbà tó bá mú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wá fún wa.

Àṣẹ ọba tí BBC fi ń ṣiṣẹ́ yóò parí ní òpin ọdún 2027, àwọn òṣèlú ni yóò sì pinnu ohun tí yóò tẹ̀lé e. Kí BBC Yorùbá ṣàlàyé ìjíròrò yẹn fún wa lẹ́sẹẹsẹ, torí owó ẹ̀ka tí à ń kà yìí lè wà lára ohun tí wọn yóò jíròrò.