Ápù Ilẹ̀ Òkè àti Ápù Ilẹ̀ Ìsàlẹ̀: Èwo Ni Kí Ẹ Rà?

Ní Ọjà Ọba Àkúrẹ́, ápù tó pupa jù ni wọ́n máa ń tò sójú àtẹ. Èdè wa pàápàá wà lára ohun tó ń tàn wá: bí a bá ní ata tàbí ẹyìn ti pọ́n, a ti sọ pé ó pupa, a sì ti sọ pé ó gbó. Ti ápù kò rí bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ kòkó ní Oǹdó ni yóò tètè lóye, torí òun mọ kòkó tó pupa láti kékeré, tó jẹ́ pé ìgbà tó bá yí sí àwọ̀ ọsàn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbó.

Oòrùn àti òtútù òru ló ń pa èèpo ápù láró. Anthocyanin ni wọ́n ń pe aró náà. Bí ilẹ̀ bá fi mítà 1000 ga sí i, ooru á dín ní nǹkan bí ìwọ̀n 6 Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì, ìtànṣán ultraviolet inú oòrùn á sì fi nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 le sí i. Gbígbó inú rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọ̀tọ̀: sítáàṣì á máa di ṣúgà, ẹran rẹ̀ á máa rọ̀.

Ti ilẹ̀ òkè. Ọ̀pọ̀ oko ápù ní Himachal Pradesh, ní Íńdíà, lé ní mítà 1500. Ní irú ibẹ̀, igi máa ń pẹ́ tanná, èso náà á sì pẹ́ gbó ju ti ìsàlẹ̀ lọ, bí irú wọn tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Àwọ̀ rẹ̀ máa ń mú, ẹran rẹ̀ máa ń le, ó sì máa ń pẹ́ kó tó rọ̀. Ewu rẹ̀ ni pé ó lè pupa kó tó dùn. Olóko tó ń lé owó ìbẹ̀rẹ̀ ọjà á ti ká a. Ẹ bù ú jẹ, ó dà bí iṣu tútù lẹ́nu.

Ti ilẹ̀ ìsàlẹ̀. Níbi tí ooru bá ti ń kọjá ìwọ̀n 30, aró kì í mú. Ápù á ti gbó, á ti dùn, síbẹ̀ ojú rẹ̀ kò ní fi bẹ́ẹ̀ pupa. Olóko tó bá ń dúró kó pupa ló ń bà á jẹ́, torí yóò gbó jù, ẹran rẹ̀ á máa ṣe bí ìyẹ̀fun. Bí èèpo bá gbóná tó nǹkan bí 46 nínú oòrùn, ẹ̀gbẹ́ kan á jó, á di pupa rẹ́súrẹ́sú bí awọ. Ẹ ná owó rẹ̀ wálẹ̀. Kì í pẹ́ nílé.

Gíga nìkan kọ́ o. Elgin ní South Africa kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju Àkúrẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ó jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé, òtútù sì ń mú níbẹ̀. Irú ápù náà tún ń sọ̀rọ̀: Granny Smith á gbó tán ní àwọ̀ ewé, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan bá sì pọ́n díẹ̀, oòrùn àti òtútù ló fà á, kò bàjẹ́. Àwọn irú Gala tuntun kan sì wà tó ń pupa kódà níbi tí ooru ti pọ̀.

Sítíkà kì í kọ gíga oko. Nítorí náà, ẹ wo kòtò orí ápù náà, níbi tí igi kékeré rẹ̀ ti yọ, tí pupa kò dé. Bó bá rí bí ewéko tútù, kò gbó, àfi tó bá jẹ́ Granny Smith. Bó bá ń yí sí yẹ́lò fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ rà á. Bó bá yẹ́lò gan-an, tí èèpo ń yọ̀ bí ẹni fi òróró pa á, ọjọ́ rẹ̀ ti lọ.

Ẹni tó ń ra páálí, kó gé ẹyọ kan ní ìbú. Kóró rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúdú tàbí kó rí bí àwọ̀ kọfí. Ẹ kán áyódíìnì láti kẹ́mísì sí i: bí gbogbo rẹ̀ bá dúdú, sítáàṣì ló kún inú, bí àárín bá mọ́ tí etí dúdú, ó dára fún ìpamọ́. Ẹ sọ èyí tẹ́ ẹ dán wò nù. Èyí tó ti lo oṣù nínú yàrá òtútù kì í dúdú mọ́, ti tuntun ni ìdánwò yìí wà fún. Nọ́ńbà 100 lára páálí túmọ̀ sí ẹyọ 100, nítorí náà ápù inú rẹ̀ tóbi ju ti 150 lọ.

Alátùntà tí iná rẹ̀ ń ṣe ségesège, kó ra èyí tó le láti òkè. Fún jíjẹ lónìí tàbí fún jùọ́sì, ti ìsàlẹ̀ tí kò fi bẹ́ẹ̀ pupa ti tó, bí kòtò rẹ̀ bá yẹ́lò fẹ́ẹ́rẹ́. Nínú fíríìjì, ẹ dì í sínú ọ̀rá, kó jìnnà sí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀fọ́: afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára ápù máa ń mú kí ẹ̀fọ́ tètè pọ́n.