Ìwé Ìléwọ́ Ilé Ìwòsàn lórí Eegun Tó Kán àti POP

Ní Mọ́kọ́lá níbí, ìyá mi yọ̀ ṣubú lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, eegun ọrùn ọwọ́ wọn sì kán. Ní ilé ìwòsàn aládàáni tí a gbé wọn lọ, wọ́n ya ẹ̀síréè, wọ́n to eegun náà, wọ́n fi POP (ìdì funfun tí ó máa ń le gbagidi) dì í, wọ́n sì fún wa ní ìwé ìléwọ́ olójú ewé mẹ́rin tí a fi Yorùbá kọ. Ìwé náà ni mo fẹ́ yẹ̀ wò.

Ojú ewé tí ó sọ̀rọ̀ nípa àmì ewu ni mo dúpẹ́ fún jù lọ. Ó ṣàlàyé pé bí ìka bá wú, tí ó tutù, tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà, tí kò mọ̀ bí a bá fọwọ́ kàn án, tàbí tí ìrora ń le sí i lẹ́yìn tí a ti lo oògùn, kí a má ṣe dúró de ọjọ́ tí dókítà dá, nítorí pé bí POP bá fún jù, ẹ̀jẹ̀ lè má ráyè dé ìka mọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, ìka Màmá wú, ó sì tutù. Ẹ̀gbọ́n wọn ní kí a fi àdí pa á. Mo ka ìwé náà sí wọn létí, a sì gbéra lóru. Wọ́n la POP náà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìka sì bẹ̀rẹ̀ sí í móoru. (Ewu kan náà ni ó wà nínú igi ọparun tí àwọn tí ń to eegun níbìlẹ̀ bá so le jù, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ti bá a lọ.)

Àléébù tí ó ká mi lára ni pé wọn kò fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀. Wọ́n kọ ọ́ pé “E ma gbe owo yin soke.” Ṣé kí a máa gbé e sókè ni, àbí kí a má gbé e? Ó yẹ kí ọwọ́ wà lórí ìrọ̀rí, kí ó ga ju àyà lọ ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ìwúlé lè lọ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá kà á lódì yóò ṣe ara rẹ̀ léṣe. Báírò ni mo fi kọ “máa” sí i.

Ìwé náà kò sì sọ ohun kan nípa ìgbà tí a bá tú POP. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6, ọwọ́ Màmá gan, ó tín-ín-rín, awọ rẹ̀ ń ṣí. Wọ́n sunkún pé eegun kò jinná. Ẹni tí ń ṣe fisiotẹ́rápì (ìtọ́jú tí ń mú kí ẹ̀yà ara tí ó gan padà máa ṣiṣẹ́) ni ó ṣàlàyé pé bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń rí, tí ó sì kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe máa ká a tí wọn yóò sì máa nà án díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́.