Èwo ló sàn jù, sẹfà tí wọ́n so mọ́ yúrò àbí náírà tó ń lọ sókè sódò?

Ẹ wò ó, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, sẹfà (CFA) ni wọ́n ń ná, wọ́n ti so ó mọ́ yúrò, owó ilẹ̀ Yúróòpù, 655.957 sẹfà sí yúrò kan. Àgbẹ̀ òwú ibẹ̀ kì í sùn kó jí bá owó ẹ̀ tó ti di yẹpẹ, àfi January 1994 tí wọ́n gé sẹfà sí ìdajì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ yẹn dun àwọn èèyàn gan-an.

Tiwa ńkọ́? Láti June 2023 tí wọ́n ti ní kí ọjà máa sọ iye náírà, dọ́là tó wà ní bíi 460 ti kọjá 1,500 ní 2024. Ẹni tó ń ta kòkó l'Óńdó rí náírà rẹpẹtẹ nígbà yẹn, inú mi dùn fún wọn, ṣùgbọ́n ajílẹ̀ gbówó lórí, oògùn kòkó gbówó lórí, dísẹ́ẹ̀lì ọkọ̀ tó ń gbé e lọ s'Ékòó náà ńkọ́, ẹni tí ò sì ní kòkó rárá, ìyà nìkan ló jẹ níbẹ̀.

Èmi ò fẹ́ ká so náírà pa o, owó tó bá le jù, àwọn tó ń kó ọjà wọlé ló ń jèrè ẹ̀. Kó máa sún díẹ̀díẹ̀ ni mo fẹ́. Epo rọ̀bì ló ṣì ń mú dọ́là wá fún wa jù, dọ́là ni wọ́n sì ń fi tà á, náírà ì báà já wálẹ̀ títí, ìyẹn ò ní mú ká ta àgbá epo kan sí i.