Kúlà afẹ́fẹ́ àti kúlà olómi: èwo ni kí ẹ gbé sórí prósẹ́sọ̀ tí ẹ ti fi kún eré rẹ̀?

Kúlà ni ohun tó ń kó ooru kúrò lára prósẹ́sọ̀, ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Lóṣù Ẹrẹ́nà, yàrá tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Àjàṣẹ́ níbí máa ń gbóná dé ìwọ̀n 33 lọ́sàn-án, n kò sì ní ẹ̀rọ amúlétutù. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò yín. Àwọn tó ń dán kúlà wò ní Yúróòpù, inú yàrá ìwọ̀n 20 sí 22 ni wọ́n sábà máa ń wà, nítorí náà iyekíye tí ẹ bá rí lọ́dọ̀ wọn, ẹ fi bíi 12 lé e. Kúlà olómi náà kò bọ́ nínú èyí. Afẹ́fẹ́ yàrá yín kan náà ló ń tu omi inú rẹ̀, kò sì lè tutù ju yàrá lọ láé. Mo ti rí àwọn tó gbọ́ pé omi wà níbẹ̀, tí wọ́n rò pé bíi fíríìjì ló máa ṣe.

Iṣẹ́ fídíò ni mò ń ṣe: ìgbéyàwó, ìsìnkú, àti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ nígbà tí wọ́n bá pè mí lọ sílé ní Kétu. Prósẹ́sọ̀ i7-8700K ló wà nínú kọ̀ǹpútà mi, èyí tí Intel gbé jáde lọ́dún 2017. Bí wọ́n ṣe tà á, kóòrù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà rẹ̀, àwọn ẹ̀ka tó ń ṣe ìṣirò, ń sáré ní 4.3 GHz bí gbogbo wọn bá jọ ń ṣiṣẹ́. Èmi gbé e dé 4.9, ohun tí wọ́n ń pè ní overclock nìyẹn. Kó tó lè dúró níbẹ̀ láìdákú mọ́ mi lọ́wọ́, mo ní láti gbé fóltéèjì rẹ̀ kúrò ní nǹkan bí 1.2 lọ sí 1.35. Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀: eré tí mo rí gbà kò ju ìdá kan nínú méje lọ, àmọ́ ooru fi ohun tó lé ní ìdá méjì nínú márùn-ún pọ̀ sí i, nítorí fóltéèjì kékeré tí ẹ bá fi kún un, ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ ó san án nínú ooru. Tí kóòrù bá sì ti kan 100, prósẹ́sọ̀ náà á fúnra rẹ̀ dẹ eré sílẹ̀, gbogbo wàhálà yín á já sí asán.

Kúlà méjì ni mo ti lò lórí rẹ̀. Olómi tí ràdíétọ̀ rẹ̀, irin ẹlẹ́wé tí omi ti ń tutù, jẹ́ 240 mm ni mo kọ́kọ́ rà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo bọ́ sí Peerless Assassin 120 SE ti Thermalright, kúlà afẹ́fẹ́ onípáìpù mẹ́fà àti fáànù 120 mm méjì.

Ní ti ariwo, kò sí ìyàtọ̀ tó yẹ kí ẹ torí ẹ̀ náwó. Ní ti ẹwà, olómi ló jù, n kò ní jiyàn. Ní ti àyè, gíga afẹ́fẹ́ tèmi jẹ́ 155 mm, nítorí náà ẹ fi rúlà wọn inú àpótí yín kí ẹ tó sanwó. Ní ti ìgbóná gan-an, nígbà tí ara àwọn méjèèjì ṣì le, ìwọ̀n mẹ́rin péré ni olómi fi mú prósẹ́sọ̀ tutù ju afẹ́fẹ́ lọ lọ́dọ̀ mi. Ìdí rẹ̀ ni pé ìpara ni Intel fi sí abẹ́ ìdérí irin i7-8700K, kì í ṣe òjé tí wọ́n yọ́ lé e. Abẹ́ ìdérí yẹn ni ooru ti ń há kó tó kan kúlà rárá, kúlà kò sì lè gba ohun tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àtúnṣe ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Oṣù Kejìlá ni, olómi ni mo ṣì ń lò, ọyẹ́ ti mú, mo sì ní fídíò ìgbéyàwó tó gbọ́dọ̀ jáde lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Mo tan kọ̀ǹpútà, kò tíì pé ìṣẹ́jú kan tí ìgbóná ti kan 100. Fáànù méjèèjì ń yí. Mo fọwọ́ kan ìdí rọ́bà tí omi ń gbà, níbi tó ti jáde lórí prósẹ́sọ̀, ó gbóná. Mo fọwọ́ kan ràdíétọ̀, ó tutù bí ilẹ̀ àárọ̀. Pọ́ǹpù ti kú, omi kò rìn mọ́.

Inú ike tó jókòó sórí prósẹ́sọ̀ ni pọ́ǹpù yẹn wà, wọ́n dé òun àti omi àti rọ́bà pa pọ̀. Mo wá a káàkiri Àjàṣẹ́, mo gba Kútọnu lọ, ọjọ́ méjì gbáko, n kò rí ẹni tó ń ta òun nìkan. Ọmọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, èyí ò ṣe é tú o. Ẹ kúkú ra odidi òmíràn." 70,000 sẹ́fà ni mo rà á, kò sì tíì pé ọdún mẹ́ta. Àwọn tó tà á fún mi ní kí n dá a padà sókè òkun. Owó ìfiránṣẹ́ nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó rẹ̀. Ẹ̀rọ ẹni ẹlẹ́ni ni mo fi parí fídíò náà, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló jáde, mo sì dá lára owó padà fún àwọn ẹbí.

Lọ́dún tó kọjá, fáànù kan lára kúlà afẹ́fẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í han, kó tó dákẹ́ pátápátá. Iṣẹ́ kò dúró. Omi díẹ̀ wà nínú àwọn páìpù bàbà yẹn náà: ó ń hó níbi tó ti kan prósẹ́sọ̀, ó ń di èéfín lọ sáàárín àwọn ewé irin, ó ń di omi padà níbẹ̀, ó sì ń fà gba ara páìpù padà. Kò sí mọ́tò kankan tó ń tì í. Mo dá eré padà sí 4.3, mo fi fáànù tó kù ṣiṣẹ́ di alẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo ra fáànù 120 mm lásán ní 4,000 sẹ́fà, mo yọ wáyà méjì tó dè é, mo fi de tuntun. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú márùn-ún.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti eruku. Bí mo bá ti Kétu dé nígbà ọyẹ́, eruku pupa ti kún àárín ewé irin. Wáyà méjì yẹn náà ni mo máa yọ, màá fi búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé gbá a, ó parí. Ti olómi, nọ́ọ̀tì mẹ́jọ ni mo ní láti tú kí n tó rí eruku tó dì mọ́ àárín fáànù àti ràdíétọ̀ bí òwú.

Ibi tí mo ti bá afẹ́fẹ́ wí ni ìwúwo. Kúlà afẹ́fẹ́ NH-D15 ti Noctua, tí àwọn ará Ọ́stríà ṣe, ó lé ní kílò kan àti ìdá kan nínú mẹ́rin pẹ̀lú fáànù rẹ̀, ara mọ́dábọ́ọ̀dù, pátákó tí prósẹ́sọ̀ jókòó lé, ni gbogbo rẹ̀ sì so rọ̀ sí. Bí ẹ bá ń gbé kọ̀ǹpútà gba Ṣakẹ́tẹ́ àti Ìpóbẹ́ lọ sí Kétu, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ àpótí lélẹ̀ kí kúlà náà lè dúró ṣánṣán.

Tó bá jẹ́ i9-14900K ni ẹ ní, tí Intel fúnra rẹ̀ kọ agbára iná 253 W sí kí ẹ tó fi kún eré rẹ̀, ẹ ra olómi 360 mm, kí ẹ sì tọ́jú kúlà afẹ́fẹ́ kan sílé. Ẹnikẹ́ni tó bá ń lo irú tèmi, tí òun náà ń fi jẹun, afẹ́fẹ́ ni kó rà.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ ṣí páálí rẹ̀ níwájú ẹni tó ń tà á, kí ẹ ka àwọn irin ìdè inú rẹ̀. Oríṣiríṣi ni ibi tí prósẹ́sọ̀ ń jókòó sí lórí mọ́dábọ́ọ̀dù: ihò LGA1700 ti Intel kò bá ti LGA1200 mu, ti AM4, tí í ṣe ti AMD, sì yàtọ̀ sí méjèèjì. Irin ti Intel kò sí nínú páálí tèmi, ìrìn Kútọnu mìíràn ni mo tún rìn kí n tó rí i.