Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta NVDA fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ kò ríran tàbí tí ojú yín kò fi bẹ́ẹ̀ ríran, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró gbọ́ èyí. Oníṣòwò kan ń ti inú ẹgbẹ́ WhatsApp kan bọ́ sí òmíràn, ó ń polówó "NVDA ẹ̀dà yunifásítì". NVDA ni sọ́fítíwíà tó máa ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà sókè fún ẹni tí kò ríran. Ó ní ti àwọn akàndá ẹ̀dá nìkan ni, pé ẹni tó bá tètè sanwó ló máa rí i lò. Ẹ má wulẹ̀ bi mí lórúkọ rẹ̀, torí ó ń pààrọ̀ ẹ̀ ni.

Kò sí ohun tó ń jẹ́ NVDA ẹ̀dà yunifásítì. Ọ̀fẹ́ ni NVDA. Michael Curran ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ẹ̀ ní Ọsirélíà lọ́dún 2006, James Teh sì dara pọ̀ mọ́ ọn. Àwọn méjèèjì kò ríran, wọn ò sì fẹ́ kí owó máa dí irú wọn lọ́wọ́ láti lo kọ̀ǹpútà.

Mi ò ní ṣàì sọ èyí o: ìwé àṣẹ GPL tó de NVDA kò ní kí ẹnikẹ́ni má gbowó. Bí ẹnì kan bá bá yín fi sórí kọ̀ǹpútà, tó sì fara balẹ̀ kọ́ yín bẹ́ ẹ ó ṣe máa lò ó, owó iṣẹ́ tọ́ sí i. Ti ọ̀gbẹ́ni yìí kì í ṣe owó iṣẹ́. Owó láísẹ́ǹsì ló ń pè é, ó sì ń dẹ́rù ba àwọn ọmọ pé tí wọn ò bá tún san ní sáà tó ń bọ̀, òun á ti í pa. Irọ́ gbuu! Ẹ tẹ Insert pẹ̀lú N, ẹ lọ sí Help, kí ẹ yan About. Ẹ ó fetí ara yín gbọ́ GNU General Public License, ìyẹn GPL, níbẹ̀.

JAWS, sọ́fítíwíà mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ NVDA, owó ni wọ́n ń fi ra tirẹ̀ lóòótọ́, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀gbẹ́ni yìí ti ń rí àwọn ọmọ mú. JAWS tí kò ní láísẹ́ǹsì máa ń ṣiṣẹ́ fún 40 ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà ó di kí ẹ pa kọ̀ǹpútà kí ẹ tún un tàn. Irú ẹ̀ ló ń fi sórí ẹ̀rọ táá sì ní ó ti parí. Tí ohùn bá dákẹ́, táwọn ọmọ bá pè é, á ní kọ̀ǹpútà wọn ló ti gbó, á tún gbowó àtúnṣe lé e. Ẹ ro ti ẹni tó wà láàárín ìdánwò nígbà yẹn.

JAWS tí wọ́n já láísẹ́ǹsì ẹ̀ láìgba àṣẹ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sọ́fítíwíà tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ mọ gbogbo bọ́tìnnì tẹ́ ẹ bá tẹ̀ àti gbogbo ohun tó wà lójú ẹ̀rọ, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá fi nǹkan pamọ́ sínú irú ẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ilé yín ló wà lọ́wọ́ ẹ̀ yẹn. Ẹ tún ṣọ́ra fún Remote Access tó ti wà nínú NVDA láti ẹ̀dà 2025.1. Ó dáa gan-an fún ìrànlọ́wọ́, àmọ́ ẹni tẹ́ ẹ bá gbà láyè níbẹ̀ lè máa darí kọ̀ǹpútà yín láti ibi tó wà.

Ó tún ń ta àwọn nǹkan mìíràn fún àwọn tí ìwé kíkà nira fún, àwọn tí kò gbọ́ràn àtàwọn tí ọwọ́ wọn kò lè tẹ̀wé. Bẹ́ẹ̀ irú ẹ̀ ti wà lórí kọ̀ǹpútà tẹ́lẹ̀. Immersive Reader, tó lè ka ìwé sókè fún yín, wà nínú Word. Lórí Windows 11, Windows pẹ̀lú H á máa kọ ohun tẹ́ ẹ bá sọ, Windows pẹ̀lú Ctrl àti L á máa gbé ọ̀rọ̀ tẹ́nì kan ń sọ jáde ní kíkọ. Kì í ṣe gbogbo èdè ni wọ́n gbọ́, ṣùgbọ́n èyí tó ń tà náà ò gbọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Orí nvaccess.org ni kí ẹ ti gba NVDA. Tó bá jẹ́ JAWS lẹ fẹ́, ẹ kọ́kọ́ bi ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ akàndá ẹ̀dá ní yunifásítì yín bóyá wọ́n ti ní láísẹ́ǹsì, kẹ́ ẹ tó wá lọ sọ́dọ̀ Freedom Scientific tó ni ín. Ẹni tó bá ti rà lọ́wọ́ ọ̀gbẹ́ni yìí, kó yọ ọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà, kó sì lo ẹ̀rọ mìíràn láti pààrọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà ẹ̀, ti báńkì ni kó fi ṣáájú. Ẹ má pa rìsíìtì àti àtẹ̀jíṣẹ́ ẹ̀ rẹ́.