Ìkọ́kọrẹ́ màmá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù wa ní Ìta-Ẹlẹ́wà

Aránṣọ ni mí n'Ìkòròdú. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń jẹun ọ̀sán ní bùkà màmá yìí. Ìkọ́kọrẹ́ rẹ̀ ò lẹ́gbẹ́: ewùrà tó jinná dáadáa, àmọ́ tí kókó rẹ̀ ṣì ń bọ́ síni lẹ́nu, pẹ̀lú epo pupa, edé àti ṣàwá gbígbẹ.

Owó rẹ̀ ló ń dùn mí. Lọ́dún 2022, 500 náírà á yó mi. Báyìí, 2,000 ni, ẹja ò sì ju àtàǹpàkò lọ. Mi ò bínú sí i. Láti ọjọ́ tí Ààrẹ Tinubu ti kéde lóṣù karùn-ún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò ti lọ, owó ọkọ̀ tó ń kó ewùrà wá ò sinmi. Tó bá bu oúnjẹ tán, á wojú ẹni, á tún fi ṣíbí kan kún un.

Orí bẹ́ǹṣì ibẹ̀ la ti ń jiyàn bóyá ará ìlú á dìde. Baba oníkẹ̀kẹ́ kan ní ẹni tébi ń pa ò ráyè ìwọ́de. Mi ò gbà. Ní January 2012, wọ́n gbé epo bẹntiróò láti 65 náírà sí 141; ìyanṣẹ́lódì bí ọ̀sẹ̀ kan ló fà á wálẹ̀ sí 97. Owó orí ló bí ogun Àgbẹ́kọ̀yà ní 1968. Ìnira nìkan kì í rú ìlú. Ọjọ́ tí gbogbo wa bá rí nǹkan kan náà nàka sí ni. Àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí, torí mi ò gbàgbé Lẹ́kì, October 2020, níbi tí àwọn sójà ti yìnbọn sí àwọn tó ń ṣe ìwọ́de.

Ẹ tètè dé ṣáájú aago kan. Kì í pẹ́ tán.